Wọ́n ní ògiri àárín imú mi wọ́: ṣé kí n gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ?

Èémí-Ìdajì:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ imú ni mo gbé wá. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni ihò imú mi ti òsì kì í ti í gba afẹ́fẹ́ dáadáa. Mo rò pé bí ti gbogbo ènìyàn ṣe rí nìyẹn, àfi ìgbà tí ìyàwó mi ní òun kò lè máa sùn ti ẹ̀rọ ìlọta mọ́. Mo bá lọ rí dókítà etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Ó tan iná sí i, ó ki kámẹ́rà tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́, ó ní ògiri tó pín imú mi sí méjì ló wọ́ sí òsì, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó fún mi ní oògùn tí mò ń fín sí imú fún oṣù mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta pé, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ní báyìí ó ní bí mo bá fẹ́, òun lè bá mi tún ògiri náà ṣe. "Bí mo bá fẹ́" yìí gan-an ló ń dà mí láàmú. Ká ní ó ní dandan ni, ǹ bá ti gbà, ká ní ó ní kò pọn dandan, ǹ bá ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí?

Agbábọ́ọ̀lù-Àná:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ ṣe é. Ọmọ ọdún 19 ni mí nígbà tí ẹnì kan fi ìgúnpá gbá mi nímú lórí pápá. Ọdún 8 ni mo fi gbé imú méjì rìn tí ẹyọ kan péré ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ burú, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí oṣù kejì, mo ta jí lóru ọjọ́ kan, mo rí i pé ẹnu mi wà ní pípadé. Ẹnu mi wà ní pípadé, mo sì ń mí! Mo dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń mí sínú, mò ń mí síta, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ní imú.

Àǹtí-Nọ́ọ̀sì:
Agbábọ́ọ̀lù, ẹ rọra. Imú tiyín kọ́ ni tiwọn.

Iyàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ti dúró ti irú iṣẹ́ yìí tí n kò lè kà á tán. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Eegun rírọ̀ bí ti etí ló wà níwájú ògiri yẹn, eegun líle ló wà lẹ́yìn, awọ tútù tó kún fún ẹ̀jẹ̀ sì bò ó lọ́tùn-ún lósì. Ó ṣọ̀wọ́n kó tọ́ gbọnrangandan lára ẹnikẹ́ni. Ti ọ̀pọ̀ wa ló wọ́ díẹ̀, tí a kò sì ní mọ̀ títí a ó fi dàgbà dàrúgbó. Wọ́n lè bí i mọ́ ẹlòmíràn, ó lè wọ́ nígbà tí wọ́n ń bí ọmọ, ó lè wọ́ bí imú ṣe ń dàgbà, ìgúnpá sì lè wọ́ ọ. Nítorí náà, pé ó wọ́ nìkan kì í ṣe àìsàn. Ohun tí ẹ óò bi ara yín ni pé: ṣé wíwọ́ yẹn ló ń dí èémí yín?

Ìdí tí dókítà yín fi ní "bí ẹ bá fẹ́" nìyẹn. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó ń sọ. Ògiri imú tó wọ́ kì í sábà pa ènìyàn. Ìyà tó ń fi jẹ yín ni ẹ óò gbé ka orí òṣùwọ̀n, ẹ̀yin nìkan lẹ sì mọ bó ṣe wúwo tó.

Nǹkan kan ṣì wà tí ẹ óò ṣọ́. Bó bá jẹ́ pé òsì ló ń dí láàárọ̀ tí ọ̀tún sì ń dí lálẹ́, ìyẹn lè máà jẹ́ ti ògiri. Ẹran kan wà ní ẹ̀gbẹ́ òde nínú imú tó máa ń wú, tó sì máa ń rọlẹ̀. Ní wákàtí díẹ̀díẹ̀ ni ti ọ̀tún àti ti òsì ń gbà á fún ara wọn, bí ọ̀kan ṣe ń wú ni èkejì ń rọlẹ̀. Imú tí kò ní àbùkù kankan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ tọ̀sán tòru. Ṣùgbọ́n èyí tí ògiri bá dí kì í fi bẹ́ẹ̀ pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ojú kan ló ń dúró sí.

Èémí-Ìdajì:
Òsì ni, Àǹtí. Òsì láàárọ̀, òsì lálẹ́. Ẹ ṣeun gan-an.

Ọ̀gá-Ìfín:
Ẹ̀gbọ́n, oògùn wo gan-an ni wọ́n ní kí ẹ máa fín? Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀, ènìyàn sì lè fi ọ̀kan nínú wọn ba ayé ara rẹ̀ jẹ́ bí mo ṣe ṣe.

Èyí tí oxymetazoline tàbí xylometazoline bá wà nínú rẹ̀, kíá ló ń la imú, bí idán. Ọjọ́ 3 sí 5 ni kí ènìyàn lò ó mọ. Èmi lò ó fún ọdún méjì. Bí ìgò rẹ̀ kò bá sí lápò mi, n kò ní jáde nílé. Imú á dí, n óò fín in, á là, á tún dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, n óò tún fín in. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ni mo tó mọ̀ pé oògùn yẹn gan-an ló ń dí i. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó jáwọ́, oorun kò sì kàn mí ní àwọn alẹ́ àkọ́kọ́. Ògiri tèmi náà wọ́, wọ́n fi hàn mí nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n nígbà tí wíwú yẹn rọlẹ̀, mo rí i pé mo lè gbé pẹ̀lú rẹ̀. N kò dé orí tábìlì iṣẹ́ abẹ títí di òní.

Èkejì ni ti sítẹ́rọ́ìdì, oògùn tó ń mú kí inú imú tó wú rọlẹ̀. Ìyẹn kò yára, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ń gbà kó tó ràn dáadáa, ojoojúmọ́ sì ni ènìyàn ń lò ó. Bí ẹ bá ń fín in, ẹ má ṣe kọ ẹnu rẹ̀ sí ògiri àárín. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òde, bíi pé etí lẹ fẹ́ fín. Ọwọ́ ọ̀tún ni kẹ́ ẹ fi fín ihò òsì, ọwọ́ òsì fún ihò ọ̀tún, á yà síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ń fín in lu ògiri, ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa rí nínú áńkáṣíìfù.

Èémí-Ìdajì:
Sítẹ́rọ́ìdì ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti mú mi o. Ògiri gan-an ni mo fi oṣù mẹ́ta fín in lù.

Ọ̀gá-Ìfín:
Ẹ fín in bó ṣe yẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i ná, kẹ́ ẹ tó pinnu. Ògiri tó ti wọ́ láti kékeré kò ní sá lọ.

Olóhùn-Imú:
Èmi ni ẹlẹ́rìí ìhà kejì. Mo ṣe é, kò sì ràn mí lọ́wọ́ tó bí mo ṣe retí. Dókítà tó ṣe é kò ba nǹkan kan jẹ́ o. Ògiri náà tọ́ bí ọ̀pá, wọ́n fi hàn mí nínú kámẹ́rà. Àmọ́ imú mi ṣì ń dí.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí wọ́n tó ṣe é ni imú ti máa ń yún mi, tí ojú mi máa ń ṣomi, tí mo sì máa ń sín nígbà mẹ́wàá léraléra bí eruku bá fẹ́ sí mi. Àléjì ni. Kò sí ẹni tó bi mí, èmi náà kò sì sọ, torí ojú mi ti wà lára àwòrán ògiri tó wọ́ yẹn. Wọ́n to ògiri tán, ẹran ẹ̀gbẹ́ ń wú lọ ní tirẹ̀. Ọ̀bẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń wo àléjì. Oògùn àléjì àti omi iyọ̀ tí mo fi ń fọ imú ni mo fi ń mí báyìí, èyí tí ǹ bá ti máa lò láti ọjọ́ yìí wá.

Lọ́dọ̀ dókítà kejì ni mo ti mọ àyẹ̀wò kan tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ìka méjì fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú síhà etí, jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá mí sínú. Bí ọ̀nà bá là gbayawu nígbà tẹ́ ẹ fà á, ó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà imú ló fún, tàbí pé ẹ̀gbẹ́ ihò imú ló rọ̀ tó ń dojú bolẹ̀ sínú nígbà tẹ́ ẹ bá ń mí. Ẹni tí wọ́n bá tún ògiri nìkan ṣe fún nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ yẹn ló ń dà á láàmú, yóò padà wá ráhùn bíi tèmi.

Àǹtí-Nọ́ọ̀sì:
Òótọ́ lẹ sọ. Kìkì pé àyẹ̀wò ìfàrẹ̀kẹ́ yẹn kì í ṣe ìdájọ́, torí ògiri tó wọ́ níwájú pátápátá náà lè mú kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà fojú ara rẹ̀ rí i. Ọ̀nà kan tí àwọn dókítà kan ń gbà yanjú rẹ̀ ni pé wọ́n á fín oògùn alamú sí i níbẹ̀, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á tún wò ó. Bí gbogbo dídí yẹn bá lọ, ẹran tó wú lẹ̀bi pọ̀ jù lọ́rùn rẹ̀. Bó bá dí síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ògiri tó wọ́ ni.

Ó sì máa ń jẹ́ méjèèjì. Níbi tí ògiri bá wọ́ sí òsì, àyè á gba ọ̀tún jù, ẹran ọ̀tún á wá tóbi láti dí àyè náà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní òun yóò dín ẹran náà kù nígbà kan náà. Dídín kù o, kì í ṣe gígé kúrò. Ẹran yẹn ló ń mú kí afẹ́fẹ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó sì ní ọ̀rinrin kó tó dé ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí wọ́n bá gé tirẹ̀ jù, imú rẹ̀ lè gbẹ, kó ṣí gbayawu, kó sì máa ṣe é bíi pé kò mí rárá.

Afìka-Tọ́-ọ:
Mo rí fídíò kan tí wọ́n ní kí ènìyàn máa fi ìka ti imú sí apá kejì fún ìṣẹ́jú 10 lálaalẹ́, pé yóò tọ́ fúnra rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ti gbìyànjú rẹ̀ wò?

Àǹtí-Nọ́ọ̀sì:
Ẹ fi ìka yín sinmi, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó wọ́ wà nínú lọ́hùn-ún, ìka kò dé ibẹ̀. Pílásítà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí imú lálẹ́ lè ṣí ẹnu ọ̀nà díẹ̀ fún ẹni tí ibẹ̀ bá fún, kò sì séwu. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí i kúrò láàárọ̀, imú á padà sí bó ṣe wà.

Olóǹkà:
Ẹ jẹ́ kí n fi òǹkà díẹ̀ kún ọ̀rọ̀, torí ó dà bíi pé ẹlẹ́rìí ìhà kìn-ín-ní àti ìkejì fẹ́ bá ara wọn jà.

Fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbé e dúró dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtọ́jú tí kò ní ọ̀bẹ nínú. Ní 2019, àwọn ará Netherlands gbé ìwádìí tiwọn jáde: àgbàlagbà 203, wọ́n pín wọn sí méjì bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ gègé, apá kan ṣe iṣẹ́ abẹ, apá kejì kò ṣe é. Ní 2023, ti UK jáde, ènìyàn 378 ló wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè 22 ni wọ́n fi ń wọn ìyà tó ń jẹ wọ́n, 110 ni òkè rẹ̀, bí òǹkà bá ṣe pọ̀ tó ni ìyà ṣe pọ̀ tó. Lẹ́yìn oṣù 6, àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ wà ní nǹkan bí 20, àwọn tí wọ́n fún ní sítẹ́rọ́ìdì àti omi iyọ̀ wà ní nǹkan bí 40. Ìwádìí méjèèjì ló gbè sẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.

Àmọ́ ẹ wo irú ẹni tí wọ́n mú. Àwọn tí dókítà ti yẹ̀ wò, tí ògiri wọn wọ́, tí imú wọn sì ń dí ní tòótọ́, ni wọ́n mú. Wọn kò kó gbogbo ẹni tí imú ń dí jọ. Agbábọ́ọ̀lù kò purọ́, Olóhùn-Imú náà kò purọ́.

Àbúrò-Wọn:
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé imú á yí padà lójú? Ìyá mi ní òun kò fẹ́ kí n wá dà bí ẹlòmíràn.

Agbábọ́ọ̀lù-Àná:
Kì í sábà yí i padà. Inú ihò ni wọ́n ti ń ṣe é, kò sí àpá níta. Bí imú rẹ bá wọ́ lóde náà, iṣẹ́ mìíràn tó tóbi jù ú lọ nìyẹn, wọ́n sì lè ṣe méjèèjì pọ̀. Kí o sọ ohun tí o fẹ́ kó yé dókítà, kó sì sọ ohun tí òun fẹ́ ṣe kó yé ọ.

Asùnwọra:
Ẹ̀gbọ́n Èémí-Ìdajì, nǹkan kan wà tí ẹ sáré kọjá: ọ̀rọ̀ híhanrun yẹn. Ẹ bi ìyàwó yín bóyá ẹ máa ń dákẹ́ lójijì láàárín rẹ̀, bí ẹni tí kò mí mọ́, kẹ́ ẹ tó wá gbé èémí gìrì bí ẹni tó yọrí lábẹ́ omi. Ẹ bi ara yín bóyá oorun máa ń kùn yín lọ́sàn-án. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àìsàn mìíràn ni, ọ̀fun ló sì ń pa dé lójú oorun, kì í ṣe imú nìkan. Títún ògiri ṣe kì í sábà wo ìyẹn sàn. Èmi ṣe é nítorí pé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí mi nímú bí mo bá ń sùn, kí ọ̀fun má bàa pa dé, kò bá imú dídí mu. Ẹ̀rọ náà wá rọrùn fún mi láti lò, ṣùgbọ́n mo ṣì ń lò ó. Bẹ́ ẹ bá ní in, ẹ sọ ọ́ fún dókítà tó ń kun ènìyàn lóorun kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé.

Èémí-Ìdajì:
Mo bi í. Ó ní n kì í dákẹ́ rárá, pé ìbá sì wu òun kí n dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi Àǹtí: kí ni wọ́n ń ṣe gan-an nínú iyàrá yẹn?

Àǹtí-Nọ́ọ̀sì:
Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo oògùn tí ẹ ń lò ni kẹ́ ẹ kà fún wọn, tàgbo tèwe, tàwọn oògùn afúnnilókun, torí ọ̀pọ̀ ló ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dà jù. Aspirin àti ibuprofen wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní aspirin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì nítorí ọkàn tàbí ọpọlọ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀. Kó bi dókítà. Bí imú yín bá máa ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kì í tètè dá bẹ́ ẹ bá fara pa, ẹ sọ ọ́. Ẹni tó ń mu sìgá, kó jáwọ́ ṣáájú, kó má sì padà sí i kíákíá, torí kì í jẹ́ kí awọ imú jinná. Bí ọ̀fìnkìn bá mú yín ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ pè wọ́n, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sún un síwájú. Oúnjẹ, wákàtí 6 ṣáájú ni wọ́n sábà ń ní kẹ́ ẹ ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, omi lásán wákàtí 2, àmọ́ ohun tí wọ́n bá sọ fún yín níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Wọ́n sábà ń kun ènìyàn lóorun pátápátá. Inú ihò imú ni wọ́n ti ń la awọ, wọ́n á rọra bó o kúrò lára ògiri lọ́tùn-ún lósì, bí ẹni ń bó ìrọ̀rí kúrò nínú àpò rẹ̀. Èyí tó wọ́ nínú eegun ni wọ́n á gé, tàbí kí wọ́n tọ́ ọ kí wọ́n sì dá a padà. Ṣùgbọ́n wọn kì í kó gbogbo rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, nígbà tí Freer ní Amẹ́ríkà àti Killian ní Jámánì ń ṣe iṣẹ́ yìí, ni wọ́n ti rí i pé ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀pá kan sílẹ̀ lókè àti òmíràn níwájú, bí igun ilé, tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan ó kéré tán. Òun ló gbé imú dúró. Bí wọ́n bá gé e, imú á rì sínú láàárín bíi gàárì ẹṣin. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá awọ padà, wọ́n á fi òwú tó ń yọ́ fúnra rẹ̀ rán an mọ́ra. Àwọn kan ń fi rọ́bà pẹlẹbẹ há ògiri náà lọ́tùn-ún lósì fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo rẹ̀ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 30 sí 90 lọ, ọ̀pọ̀ ló sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ mú ẹni tí yóò sìn yín lọ dání, ẹ kò gbọ́dọ̀ wakọ̀.

Agbábọ́ọ̀lù-Àná:
Kí n sọ bí ilé ṣe rí. Ẹ ó rò pé wọ́n tàn yín jẹ, torí ẹ kò ní mí nípasẹ̀ imú rárá ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Inú rẹ̀ ti wú, rọ́bà wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ wà níbẹ̀. Ẹnu lẹ ó fi máa mí, ẹnu á gbẹ bí ewé ọ̀gbẹlẹ̀, nítorí náà ẹ gbé omi sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi gbórí sókè sùn. Omi tó ní ẹ̀jẹ̀ á máa kán díẹ̀díẹ̀, gọ́ọ̀sì ni wọ́n ń so sábẹ́ imú, ẹ ó máa pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ má fọn imú. Mo tún un sọ, ẹ má fọn imú títí wọ́n á fi ní kẹ́ ẹ fọn ọ́n, ó sábà ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Á wù yín bí ẹní ń ṣe àárẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sín, ẹ la ẹnu yín sílẹ̀ kó gba ibẹ̀ jáde. Omi iyọ̀ tí wọ́n bá fún yín ni ọ̀rẹ́ yín, ẹ máa lò ó lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ní, kí èépá inú imú lè rọ̀. Ẹ má gbé ẹrù wúwo, ẹ má ṣe eré ìdárayá fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bọ́ọ̀lù kò kàn yín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n yọ rọ́bà yẹn, mo rò pé apá kan ọpọlọ mi ló tẹ̀ lé e jáde, bó ṣe gùn tó.

Eyín-Iwájú:
Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé eyín òkè iwájú lè kú tìpìrì. Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má pariwo. Kíkú tìpìrì tèmi lọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan.

Ẹ-Má-Dúró:
Èmi rèé tó yẹ kí n pariwo. Ní ọjọ́ kẹta, imú mi dí pátápátá lọ́tùn-ún lósì, ó ń lù mí kìkì bí ìlù, ìrora ń pọ̀ sí i dípò kó dín kù, ara mi sì gbóná. Mo pe ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ṣe é, ẹni tó gbé fóònù ní kò burú, pé bó ṣe ń rí nìyẹn, kí n lo oògùn ìrora. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò gbà, ó gbé mi lọ sí ibòmíràn lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ti gbá jọ sáàárín awọ àti eegun rírọ̀. Wọ́n là á, wọ́n fà á jáde, ara tù mí lójú ẹsẹ̀. Dókítà tó ṣe é ṣàlàyé pé láti ara awọ ni eegun yẹn ti ń jẹun, bí ẹ̀jẹ̀ bá yà á nípa fún ọjọ́ díẹ̀, á kú, imú á sì rì.

Àǹtí-Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀gbọ́n yín ṣe ohun tó tọ́. Ìrora tó ń pọ̀ sí i àti imú tó dí lọ́tùn-ún lósì pẹ̀lú ibà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi fóònù wò. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tí kò dá lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ orí sí iwájú tẹ́ ẹ sì fún ibi rírọ̀ imú pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Bí omi mímọ́ bíi ti ẹ̀rọ bá sì ń kán láti ihò kan, pàápàá tẹ́ ẹ bá tẹ̀ba, ẹ lọ fi hàn wọ́n, ó ṣọ̀wọ́n ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ omi tó yí ọpọlọ ká. Èyí tó máa ń pẹ́ kó tó fara hàn ni pé ihò lè lu lára ògiri náà. Ẹlòmíràn kò ní mọ̀ ọ́n, ti ẹlòmíràn á máa súfèé bó bá ń mí.

Ìyá-Ọmọ:
Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, wọ́n ní tirẹ̀ náà wọ́. Ṣé kí n tètè ṣe é fún un?

Àǹtí-Nọ́ọ̀sì:
Wọ́n sábà ń dúró kí ojú rẹ̀ dàgbà tán, títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 16 tàbí 17, torí ògiri yẹn wà lára ohun tó ń ti imú dàgbà. Bó bá le púpọ̀, dókítà ọmọdé lè ṣe díẹ̀ ṣáájú. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ́ lọ́kàn ni pé bí ọmọ bá fi imú gbá nǹkan, tí imú náà sì dí lójijì, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ tó gbá jọ bíi ti Ẹ-Má-Dúró lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ láìsí iṣẹ́ abẹ kankan.

Èémí-Ìdajì:
Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Mo fín oògùn bí Ọ̀gá-Ìfín ṣe ní, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, síhà etí. Ẹ̀jẹ̀ inú áńkáṣíìfù lọ, dídí dúró. Mo bi dókítà nípa àléjì, ó bi mí léèrè títí, kò rí i. Ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi fúnra rẹ̀. Mo bi í pé irú èyí mélòó ló máa ń ṣe lóṣù, àti pé kí ni yóò ṣe bí kò bá ràn mí lọ́wọ́. Ó dáhùn láìbínú, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí n gbà. Wọ́n ti ṣe é, ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Wọ́n yọ rọ́bà lánàá. Agbábọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ọpọlọ yẹn, òótọ́ ni.

Olóhùn-Imú:
Ẹ kú ewu. Ẹ má fọn ọ́n o.

Èémí-Ìdajì:
Ọ̀sẹ̀ kẹjọ. Dókítà ní wíwú inú rẹ̀ lè gbà tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó lọ tán, nítorí náà n kò tíì lè sọ pé bó ṣe máa rí nìyí. Òórùn kò wọlé dáadáa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó ti padà. Àwọn eyín òkè méjì ṣì kú díẹ̀. Àmọ́ láàárọ̀ àná mo fi ìka dí ihò ọ̀tún, mo mí sínú, afẹ́fẹ́ tútù gba òsì wọlé dé ọ̀fun. N kò mọ irú rẹ̀ rí. Mo ṣe é títí orí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ mi.

Mo ṣì ń hanrun bí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn. Ìyàwó mi ní ẹ̀rọ ìlọta ti di ọlọ.